Mẹ́fà Di Mẹ́sàn-án

Ní Haapsalu, lẹ́bàá òkun tó máa ń dì nígbà òtútù,
ìborùn tí a bá hun dáadáa gbọdọ̀ gba inú òrùka kọjá.
Ìyá mi ló kọ́ mi. Ó bọ́ òrùka ìgbéyàwó rẹ̀,
ó ki etí ìborùn bọ̀ ọ́, ó fà á: wọ̀ọ̀,
aṣọ tó tó bo ejìká méjì yọ lódì kejì bí èéfín.

Lónìí, ìborùn mi ṣì ń gba inú òrùka.
Ìka mi ni kò gbà á mọ́.
Ọdún mọ́kànlá ni làkúrègbé ti ń gbé oríkèé mi
bí ayálégbé tí kì í san owó ilé,
tó ń dáná láàárín òru.
Bí mo bá jí láàárọ̀, ọwọ́ mi á ti di ìkúùkù
tí kò bá ẹnikẹ́ni jà.

Mo ti fi ẹrẹ̀ òkun para títí, ẹrẹ̀ dúdú gbígbóná
tí àwọn èèyàn ń wọ ọkọ̀ ojú irin wá wá láyé àwọn bàbá ńlá wa.
Ó ń tu oríkèé lára. Mi ò ní parọ́ mọ́ ẹrẹ̀.
Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ kì í dé ọkàn.

Dókítà Urve Kõiv di ìgbànú afẹ́fẹ́ mọ́ mi lápá,
ó kọ iye ìfúnpá sílẹ̀.
Ó bi mí nípa sìgá: mo ní mo jáwọ́ lọ́dún tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ ẹja pa.
Ó bi mí nípa bàbá mi, nípa ṣúgà, nípa iyọ̀ inú ẹja.
Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ mi kéré, mo sì rẹ́rìn-ín
bí ọmọ iléèwé tó gba máàkì.
Òun kò rẹ́rìn-ín. "Salme, iná tó ń jó lára rẹ
ló ń fa ọ̀rá yẹn wálẹ̀. Kí iná kọ́kọ́ rọlẹ̀ ná,
ká tún un wọ̀n."

Ó tẹ gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà.
Kọ̀ǹpútà ronú díẹ̀, ó ní mẹ́fà:
nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin bí èmi, mẹ́fà
ni àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ yóò kanlẹ̀kùn wọn
kí ọdún mẹ́wàá tó pé.
Mo ti ń wá ìbọ̀wọ́ mi.
"Dúró," ló wí. Ó mú gègé.
"Ẹ̀rọ yìí kò mọ̀ pé ọwọ́ rẹ ń wú.
Kò bi wá, a ò sì ráyè sọ fún un."
Ó kọ mẹ́fà. Ó fi ìdajì rẹ̀ kún un.
Mẹ́sàn-án.

Ohun tó bá ojú ló bá imú, èyí mo mọ̀.
Ta ló sọ fún mi pé ohun tó bá ìka lè bá iṣan ẹ̀jẹ̀,
pé iná kan náà tó ń wú oríkèé
ń ha ògiri ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà délé?

Mo rántí Hilja, ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́wọ́ wíwọ́.
Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo wa ń wò.
A ra ṣíbí onídìí nínípọn fún un, à ń bá a ṣí ìgò.
Lóṣù kejì, ó ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà,
ó jókòó lórí àtẹ̀gùn kó sinmi díẹ̀.
Ṣọ́bìrì rẹ̀ ṣì fara ti ògiri
nígbà tí ẹni tó ń pín lẹ́tà dé.
Kò sẹ́ni tó bá a ṣírò rí.

Mẹ́sàn-án. Kì í ṣe àlejò sí mi.
Ojú òwú mẹ́sàn-án là ń kó jọ sórí abẹ́rẹ́
ká tó fà wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan,
èso òdòdó kékeré tó wú lára ìborùn.
Ẹni tó bá sọ ọ̀kan nù níbẹ̀
kò ní mọ̀, àfìgbà tó bá na aṣọ sí oòrùn.

Mo gba oògùn. Mo gba ọjọ́ tí màá padà wá.
Láàárọ̀, mo máa ń rìn lábẹ́ òrùlé gígùn
ibùdókọ̀ ojú irin tí ọkọ̀ kì í dé mọ́,
lọ, bọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.
Lánàá mo dé ìdí òpó tó kẹ́yìn, mo mí kanlẹ̀,
mo fi ẹ̀ẹ̀mẹ́ta kún un.